Ẹ̀tù Ìbọn àti Lẹ́búlẹ́bú Apaná: Ìdáhùn sí Àwọn Ìbéèrè Tí Àwọn Ènìyàn Máa Ń Bèèrè

Ọ̀rọ̀ tí a pè yín jọ láti gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yìí jẹ mọ́ ohun kíkúnná méjì. Bí a bá bu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sí àtẹ́lẹwọ́, ọmọdé lè rò pé wọn kò ju erùpẹ̀ lásán lọ. Ọ̀kan dúdú; òun ni ẹ̀tù tí ọdẹ ń lò nínú ìbọn. Èkejì funfun, tàbí kí ó ní àwọ̀ ìyeyè. Òun ni lẹ́búlẹ́bú tí ó wà nínú ohun-èlò irin pupa tí a máa ń gbé kọ́ ara ògiri ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìfowópamọ́, tí a sì ń gbé sínú ọkọ̀, kí a lè fi pa iná. Ọ̀kan ń dá iná sílẹ̀, èkejì ń pa iná. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè ni àwọn ènìyàn ń bèèrè lórí méjèèjì, ó sì tọ́ kí a dáhùn wọn lẹ́sẹẹsẹ, nítorí àìmọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ti pa ènìyàn púpọ̀.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi ìpìlẹ̀ kan lélẹ̀. Ohun mẹ́ta ni iná fi ń wà láàyè: ohun tí yóò jó, ooru tí yóò tàn án, àti afẹ́fẹ́ tí yóò máa mí. Nínú afẹ́fẹ́ tí ó yí wa ká, nǹkan bí apá kan nínú márùn-ún ni à ń pè ní ọ́síjìn, apá yìí ni iná sì ń lò. Ìyá tí ó fi ọmọrí dé ìkòkò epo tí ó gbiná, ọ́síjìn ni ó fi du iná náà. Ẹni tí ó da omi sí igi tí ń jó, ooru ni ó gbà kúrò lára rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó ro etí oko rẹ̀ kí iná ìgbẹ́ má baà wọ̀ ọ́, oúnjẹ ni ó fi du iná. Ẹ di ìpìlẹ̀ yìí mú ṣinṣin, nítorí lórí rẹ̀ ni gbogbo ohun tí a ó sọ dúró lé.

Ìbéèrè Kìíní: Kí ni ẹ̀tù, níbo ni ó sì ti wá?

Ohun mẹ́ta ni a pò pọ̀ tí ó di ẹ̀tù dúdú: èédú, imí-ọjọ́, àti irú iyọ̀ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ saltpetre. Èédú ni oúnjẹ iná. Imí-ọjọ́, èyí tí Bíbélì wa ń pè ní sulfuru, ni ó ń mú kí iná tètè ràn. Ṣùgbọ́n iyọ̀ náà ni ó yẹ kí a kíyè sí jù lọ, nítorí pé inú rẹ̀ ni ọ́síjìn fara pamọ́ sí. Bí iná bá ti kàn án, ó tú ọ́síjìn náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà fún èédú àti imí-ọjọ́ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀tù kò bẹ afẹ́fẹ́ òde ní ohunkóhun. Inú ara rẹ̀ ni ó gbé èémí tirẹ̀ sí.

Àwọn ará Ṣáínà ni ó kọ́kọ́ mọ ohun yìí. Ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹsàn-án lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, àwọn ọlọ́gbọ́n wọn tí ń po oògùn pọ̀ kíyè sí i pé àdàlù àwọn ohun mẹ́ta yìí a máa gbiná lójijì. Nígbà tí ó fi di ọdún 1044, a ti kọ bí a ti ń ṣe é sínú ìwé ogun kan ní ilẹ̀ náà. Láti ibẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ ti tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn Lárúbáwá àti àwọn ará Yúróòpù. Ní nǹkan bí ọdún 1267, Roger Bacon, ẹni ìjọ Ọlọ́run ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti mẹ́nu kàn án nínú ìwé rẹ̀.

Ìbéèrè Kejì: Èéṣe tí ẹ̀tù fi ń dún bí àrá nínú ìbọn, nígbà tí ó jẹ́ pé ní gbangba kò ju kí ó jó fòò lọ?

Nígbà tí ẹ̀tù bá jó, apá kan nínú rẹ̀ di afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ń fẹ́ àyè púpọ̀ ju èyí tí ẹ̀tù náà gbà tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ó bá wà ní gbangba, afẹ́fẹ́ náà rí ọ̀nà gbà lọ. Iná yóò mọ́lẹ̀ yòò, èéfín yóò rú, ó sì parí. Ṣùgbọ́n nínú ìbọn, irin ni ó yí i ká, ọta sì dí ojú ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ náà yóò ti ògiri méjèèjì, kò ní rí ibi gbà, yóò sì fi gbogbo agbára rẹ̀ lé ọta jáde. Ariwo tí a ń gbọ́ ni ti afẹ́fẹ́ tí ó já gbà ní ẹnu ìbọn.

Ẹ wo ìbọn ṣakabùlà dáadáa. Ẹ̀tù wà ní ìsàlẹ̀ ihò irin, a ti ki í mọ́lẹ̀, ohun mìíràn sì wà lórí rẹ̀. Níbo ni afẹ́fẹ́ òde yóò gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀? Kò sí ibi kankan tí ó tó. Síbẹ̀, ẹ̀tù náà jó tán kí ojú tó ṣẹ́. Ẹ̀rí kò sí tí ó ju èyí lọ pé ẹ̀tù kò nílò afẹ́fẹ́ wa. A ó padà sórí kókó yìí, nítorí òun ni ó ya iná ẹ̀tù sọ́tọ̀ kúrò lára gbogbo iná yòókù.

Ní ti èéfín funfun tí ń bo ojú ọdẹ, ó ju ìdajì ìwọ̀n ẹ̀tù dúdú lọ tí kì í di afẹ́fẹ́ rárá, bí kò ṣe èérún wẹ́wẹ́ tí ń fò káàkiri. Òun náà ni ó ń dí ihò ìbọn bí a kò bá fọ̀ ọ́. Ní ọdún 1884, Paul Vieille, ará Faransé, ṣe irú ẹ̀tù mìíràn tí èéfín rẹ̀ kò tó nǹkan, agbára rẹ̀ sì ju ti dúdú lọ fíìfíì. Ìran ẹ̀tù yìí ni ó wà nínú ọta ìbọn òde òní, òun náà sì gbé ọ́síjìn tirẹ̀ sínú.

Ìbéèrè Kẹta: Ìgbà wo ni ìbọn di ohun ogun ní ilẹ̀ Yorùbá?

Ọfà, ọ̀kọ̀ àti idà ni àwọn baba wa ń lò kí ìbọn tó pọ̀ láàrin wọn. Etí òkun ni ìbọn àti ẹ̀tù ti ń wá, àwọn tí ó sì súnmọ́ etí òkun ni ó kọ́kọ́ ní in lọ́pọ̀lọpọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, fi hàn pé nínú ogun Òwu, ní nǹkan bí ọdún 1820, ìbọn àwọn Ìjẹ̀bú ṣe ohun ẹ̀rù fún àwọn tí idà nìkan wà lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 láàrin Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀, ìró ìbọn ni a fi sọ ogun náà lórúkọ. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó ran àwọn ará ilé wọn lọ́wọ́ láti rí ìbọn tí a ń ti ẹ̀yìn ki, èyí tí ó ń yára yìn ju ṣakabùlà lọ. A fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni àwọn ọmọ-ogun tó tú ká pátápátá. Ní ọdún 1892, ní Ìmágbọ̀n, ìbọn Maxim àwọn Gẹ̀ẹ́sì borí àwọn ọmọ-ogun Ìjẹ̀bú tí wọ́n ti fi ìbọn ṣe agbára fún ìgbà pípẹ́.

Ogun wọ̀nyẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbọn kò tán láàrin wa. Ó wà lọ́wọ́ ọdẹ, a ń yìn ín níbi òkú àgbà àti níbi ayẹyẹ, àwọn alágbẹ̀dẹ wa sì mọ bí a ti ń rọ ọ́. Ẹ̀tù tí ó ń bá a rìn sì ń sùn nínú ilé tí àwọn ọmọdé ń sùn sí.

Ìbéèrè Kẹrin: Kí ni ó ń mú kí ìbọn fọ́ mọ́ ẹni tí ó ń yìn ín lọ́wọ́?

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀ fún ẹni tí ó gbọ́ ìdáhùn kejì. Afẹ́fẹ́ gbígbóná inú ìbọn ń ti irin bí ó ti ń ti ọta. Bí ẹ̀tù bá pọ̀ jù, nítorí pé ẹni tí ó ni ìbọn ń fẹ́ kí ariwo rẹ̀ ju ti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ níbi ayẹyẹ, irin lè ya. Bí ó bá jẹ́ pé irin tí a ṣe fún omi ẹ̀rọ ni a fi rọ ìbọn, irin náà kò mọ iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́. Bí ẹrẹ̀ tàbí ìpẹtà bá dí ihò rẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní rí ọ̀nà. Èyí tí ó burú jù ni kí ẹnìkan tú ẹ̀tù inú ọta òde òní sínú ìbọn àtijọ́. Agbára ẹ̀tù yìí kọjá ohun tí irin ìbọn bẹ́ẹ̀ lè gbà.

Àwọn kan tún ń bèèrè bóyá ìbọn tí kò ní nǹkan nínú lè pani lára. Àwọn àgbà ti dáhùn kí a tó bí wa: ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí a kọ ọ́ sí òun? Ẹni tí ó pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú eré sábà máa ń sọ pé òun rò pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀ ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọ ẹnu ìbọn sí ohun tí kò fẹ́ pa. Kí a má ṣe gbé e sí ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó, kí a sì má ṣe pa ìbọn àti ẹ̀tù pọ̀ sí ibì kan náà. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 ní Nàìjíríà kò sì yọ̀ǹda kí ẹnikẹ́ni ní ìbọn láìgba ìwé àṣẹ, ìbáà jẹ́ èyí tí a ń ti ẹnu ki.

Ìbéèrè Karùn-ún: Kí ni lẹ́búlẹ́bú apaná, báwo ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́?

Ẹ ó yà nígbà tí ẹ bá gbọ́ pé ẹ̀tù ìbọn wà lára ohun tí a kọ́kọ́ fi ṣe ẹ̀rọ apaná. Ní ọdún 1723, Ambrose Godfrey, apoògùn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ìwé àṣẹ lórí àgbá kan tí ó kún fún omi apaná, tí ẹ̀tù díẹ̀ sì wà nínú àpótí kékeré ní àárín rẹ̀. A ó ti okùn iná bọ̀ ọ́, ẹ̀tù yóò bú, omi náà yóò sì fọ́n ká sórí iná. Ní ọdún 1818, George Manby, ọmọ-ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ìkòkò bàbà kan tí ènìyàn lè gbé rìn. Omi tí a fi iyọ̀ eérú igi po ni ó wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ tí a fún mọ́ inú rẹ̀ ni ó sì ń tì í jáde. Àwọn ẹ̀rọ apaná tí a ń rí lónìí, ọ̀nà Manby ni wọ́n ń tọ̀.

Lẹ́yìn èyí ni a wá rí i pé lẹ́búlẹ́bú gbígbẹ dára ju omi lọ fún àwọn iná kan. Èyí tí ó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ ni sódà tí àwọn tí ń ṣe àkàrà òyìnbó ń lò, èyí tí ó jẹ́ ìbátan káún ọjà wa. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù lónìí, tí a máa ń rí ní àwọ̀ ìyeyè, jẹ́ iyọ̀ mìíràn tí ó bá ajílẹ̀ oko tan.

Kí ni lẹ́búlẹ́bú yìí ń ṣe sí iná? Iná kì í jó lẹ́ẹ̀kan náà. Èérún tí ó jó ni ó ń tan èyí tí ó tẹ̀lé e, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀wọ̀n tí ojú kan ń fa ojú kejì. Lẹ́búlẹ́bú wọ àárín ọ̀wọ́ iná, ó sì já ẹ̀wọ̀n náà. Sódà tún ń tú irú afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta jáde, iná kò sì lè mí èyí. Ti aláwọ̀ ìyeyè ní èrè kan sí i: ó ń yọ́ lórí igi àti aṣọ tí ń jó, ó sì ń bò ó bí ẹni rẹ́ ilé, kí ọ́síjìn má baà kàn án mọ́. Nítorí náà, sódà dára fún iná epo àti iná ẹ̀lẹ́tíríìkì, ṣùgbọ́n kò tó fún ẹ̀yinná igi àti tìmùtìmù. Ti aláwọ̀ ìyeyè dára fún gbogbo wọn.

Ìbéèrè Kẹfà: Ǹjẹ́ lẹ́búlẹ́bú apaná lè pa iná ẹ̀tù?

Èyí ni ìbéèrè tí a tìtorí rẹ̀ pè yín jọ. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé, rárá. Ẹ rántí ìpìlẹ̀ tí a fi lélẹ̀. Àwọn iná yòókù ń mí afẹ́fẹ́ òde, a sì lè dí wọn ní imú. Ẹ̀tù ń mí ti inú ara rẹ̀. Ẹ bò ó pẹ̀lú iyanrìn, yóò jó lábẹ́ iyanrìn. Ẹ fi ọmọrí dé e, ẹ ti sọ ọmọrí di ọta ìbọn nìyẹn. Ẹ fọ́n lẹ́búlẹ́bú sí i, kí ẹ tó fọ́n ọn tán, ó ti bú. Omi lè ba ẹ̀tù tí kò tíì gbiná jẹ́, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ yóò yọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná bá ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè sáré pọn omi tó o.

Ohun tí a sọ nípa ẹ̀tù yìí bá àwọn ohun abúgbàmù òde òní mu pẹ̀lú. Ní ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 27, oṣù kìíní, ọdún 2002, iná tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjà ẹ̀gbẹ́ bárékè àwọn ọmọ-ogun ní Ìkẹjà ràn dé ibi tí a kó ohun ìjà pamọ́ sí. Àwọn ohun ìjà náà ń bú títí di òru. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tí ó kú, púpọ̀ nínú wọn kò sì ti ọwọ́ iná kú. Inú omi ní Òkè-Afá ni wọ́n kó sí nígbà tí wọ́n ń sá nínú òkùnkùn. Ní alẹ́ ọjọ́ 16, oṣù kìíní, ọdún 2024, ohun abúgbàmù tí a kó pamọ́ sínú ilé kan ní Bódìjà ní Ìbàdàn bú, ó pa ènìyàn, ó sì ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé jẹ́. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ pé àwọn awakùsà aláìgbàṣẹ ni ó kó o síbẹ̀. Àwọn aládùúgbò tí wọ́n ń jẹun alẹ́ wọn kò mọ ohun tí ó wà lẹ́yìn ògiri.

Nítorí náà, a kì í bá iná ẹ̀tù jà; à ń sá fún un ni. Gbogbo ìjà tí a lè bá a jà, kí ó tó gbiná ni. Kí ẹ̀tù má ṣe gbé inú ilé tí a ń dáná. Kí ó má ṣe pọ̀ ju ohun tí òfin yọ̀ǹda lọ. Bí ó bá rin, kí ẹnikẹ́ni má ṣe yá a ní ẹ̀bá iná. Bí ẹ bá mọ ibi tí a kó irú nǹkan bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí ní àdúgbò yín, ẹ sọ fún àwọn aláṣẹ. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni, òun kò fẹ́ dá sí i, kí ó rántí pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn, ìbáà jẹ́ òrùlé aládùúgbò.

Ìbéèrè Keje: Ǹjẹ́ gbogbo ohun kíkúnná ni ó ń pa iná?

Rárá o. Àwọn kan ti rí i tí a fi lẹ́búlẹ́bú pa iná, wọ́n sì rò pé ìyẹ̀fun tàbí èlùbọ́ yóò ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Oúnjẹ ni ìyẹ̀fun fún ènìyàn, oúnjẹ náà ni fún iná. Bí a bá fọ́n ọn sójú afẹ́fẹ́, èérún kọ̀ọ̀kan ní ọ́síjìn yí i ká, gbogbo rẹ̀ sì lè gbiná lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹ̀tù. Ní ọjọ́ 2, oṣù karùn-ún, ọdún 1878, ilé-iṣẹ́ ìlọ-àlìkámà Washburn ní ìlú Minneapolis ní Amẹ́ríkà bú nítorí eruku ìyẹ̀fun nìkan, ènìyàn 18 sì kú. Ẹ fi iyanrìn gbígbẹ pa iná kékeré bí kò bá sí ohun mìíràn, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ìyẹ̀fun pa á láéláé.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe da omi sí epo tí ń jó. Omi wúwo ju epo lọ, yóò wọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò hó lójijì, yóò sì gba àyè tí ó tó nǹkan bí ìlọ́po 1,700 ti tẹ́lẹ̀. Epo tí ń jó ni yóò gbé fò sí ojú ẹni àti sí àjà.

Ìbéèrè Kẹjọ: Báwo ni a ti ń lo ẹ̀rọ apaná?

Lákọ̀ọ́kọ́, kí gbogbo ọmọdé àti arúgbó jáde, kí ẹnìkan sì ké sí àwọn panápaná. Nọ́ńbà 112 ni a ń pè ní Nàìjíríà. Kí ẹni tí ó fẹ́ pa iná dúró sí ibi tí ẹnu ọ̀nà wà lẹ́yìn rẹ̀, ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 6 sí 8 sí iná náà. Kí ó fa irin tí a fi há orí ẹ̀rọ náà yọ. Kí ó kọ ẹnu rẹ̀ sí ìdí iná, kí ó má ṣe kọ ọ́ sí ọ̀wọ́ iná tí ń jó lókè. Kí ó tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó sì máa gbá a sọ́tùn-ún sósì bí ẹni ń gbálẹ̀. Lẹ́búlẹ́bú inú èyí tí ó kéré kì í pẹ́ tán. Ó lè má ju ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 20 lọ. Bí iná bá kú, kí ó má ṣe kẹ̀yìn sí i, nítorí lẹ́búlẹ́bú kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ooru kúrò, iná sì lè tún ràn. Bí iná kò bá kú, kí ó jáde, kí ó sì ti ilẹ̀kùn. Ilé tí ó jó ṣe é tún kọ́. Ẹni tí ó jó kò ṣe é rọ́pò.

Kí ẹ máa wo ọwọ́ aago orí ẹ̀rọ náà ní oṣooṣù, bóyá ó wà ní ojú àwọ̀ ewé. Ẹ̀rọ tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti tán, tàbí tí lẹ́búlẹ́bú inú rẹ̀ ti di òkìtì, ohun ọ̀ṣọ́ ògiri lásán ni.

Ẹ̀yin ará, Ẹlẹ́dàá fún wa ní ọgbọ́n láti mọ ohun tí a lè pa àti ohun tí a kò lè pa. Iná ìdáná, iná epo àti iná aṣọ, a lè fi ìmọ̀ àti ìfarabalẹ̀ borí wọn bí wọ́n bá ṣì kéré. Iná ẹ̀tù kò ní kékeré. Kí ẹni tí ó bá ní ẹ̀tù nílé lọ wo ibi tí ó gbé e sí ní alẹ́ yìí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ apaná lọ wò bóyá ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí Ọlọ́run kí ó ṣọ́ ilé wa, kí ó sì fún wa ní ojú láti máa ṣọ́ ọ pẹ̀lú.